Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ògúngbèmí

Àwa ará Ìlóyìn ní òwe kan tí kì í tètè yé àlejò. A máa ń ní, "A kì í yin ilẹ̀kùn ọkọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù." Bí àlejò bá gbọ́ ọ, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á béèrè pé kí ló pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ pọ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ṣé ilé ni ọkọ̀ ni? Ta ló sì ráyè jókòó tó ń yin ilẹ̀kùn? Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Àwọn tó yin ilẹ̀kùn náà wà, wọ́n pọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì kú. N kò ní dárúkọ wọn, torí a jọ ń pàdé níbi òkú àti ìkómọ. Ẹni tó ni ilẹ̀kùn gan-an ni màá sọ.

Ògúngbèmí ni orúkọ rẹ̀. Panẹbítà ni, ẹni tó ń lu ara ọkọ̀ tó bá ti tẹ̀ kó lè nà padà. Abẹ́ igi ọdán kan ní ẹ̀yìn ọjà ló ti ń ṣiṣẹ́. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó mọ iṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá forí sọ igi, tí imú rẹ̀ wọnú, tí wọ́n bá gbé e fún Ògúngbèmí, ìgbà tó bá fi parí ẹ, wàá rò pé igi náà ló fara pa. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin yìí gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ẹlòmíràn kì í dára lójú rẹ̀. Bí ọkọ̀ tí panẹbítà mìíràn lù bá ń kọjá lọ, yóò dẹ etí sí i, yóò sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "O ò gbọ́ bó ṣe ń sunkún?" Bí o bá sì kí i pé ó kúuṣẹ́, á dá ọ lóhùn pé, "Èmi nìkan náà ló ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí. Ariwo làwọn tó kù ń pa."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Olórí Oníṣẹ́-Ọwọ́ ìlú wa ti kú, wọ́n sì fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àṣà oyè náà kò ṣòro, àmọ́ kò gba àtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ kì í dá wá síwájú ọba. Ó gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́ láàárín àwọn ìjòyè, onígbọ̀wọ́ náà ni yóò bá a kúrò nílé, tí yóò sì fà á lọ́wọ́ dé iwájú ààfin. Kábíyèsí yóò dìde dúró. Ẹni náà yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọba yóò fi ewé akòko sí i lórí, ó parí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni ọba máa ń dìde bẹ́ẹ̀ nítorí oyè. Bó bá ti padà jókòó, ó di àmọ́dún. Wọn kì í sì í pe ẹni tó bá ti pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láéláé.

Olóyè Olówóòkéré, Ọ̀tún ìlú, gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ Ògúngbèmí. Kò sí ẹni tó bá a du oyè náà. Ká ní ẹsẹ̀ lásán ni Ògúngbèmí fi rìn lọ sí ààfin lọ́jọ́ náà, Olórí là bá máa pè é títí dòní. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ì bá ti gbé e dé orí oyè. Ẹ wá gbọ́ ohun tó sọ.

"Èmi Ògúngbèmí, kí n fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ gba oyè iṣẹ́ ọwọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni yóò gbé mi lọ. Màá kọ́ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ rí ní ìlú yìí."

Ibi tó ti rí ohun tó fẹ́ kọ́ rèé. Òyìnbó kan ti wá ṣe ọ̀nà kan lẹ́yìn ìlú wa. Ọ̀nà ò parí, òyìnbó lọ. Ó fi àpótí gbàǹgbà kan sílẹ̀ nínú ọgbà tí wọ́n ń kó irin sí, ara ọkọ̀ ìsáré ló sì wà nínú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́: iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀. Kì í ṣe irin. Fáíbà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi àti táǹkì, ó sì fúyẹ́ bí igbá. Ẹni tó bá ni ín ló máa tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò gbé e ka ìsàlẹ̀ ọkọ̀ Ìjàpá, ìyẹn ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rogodo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí. Òyìnbó náà fẹ́ tò ó fún ara rẹ̀ ni, kò rójú. Ògúngbèmí ra àpótí náà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọgbà, ó ní Ọlọ́run ló fi ránṣẹ́ sí òun.

Kò ní ọkọ̀ Ìjàpá. Dúródọlá, ìyàwó rẹ̀, ló ní. Ẹlẹ́yin ni obìnrin náà. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń kó ẹyin láti oko àwọn ọlọ́sìn adìyẹ wọ ìlú, òun ló sì fi ń bọ́ ilé ní gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń bá àwọn oníbàárà jà.

"Dúródọlá, mo fẹ́ lo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ."

"Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mi? Òkè ẹ̀ ńkọ́?"

"Òkè ẹ̀ ti gbó. Ó ń kó ìtìjú bá mi."

"Bàbá Kọ́láwọlé, ẹyin kì í bèèrè bóyá ọkọ̀ gbó o. Kóun má sáà ti fọ́ lẹyin ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ mi sílẹ̀."

"Ìyàwó Olórí kì í kó ẹyin."

"Ẹ kọ́kọ́ di Olórí ná."

Ògúngbèmí dúró dìgbà tí obìnrin náà lọ sí oko àwọn ọlọ́sìn adìyẹ pẹ̀lú ọkọ̀ èrò, torí ọkọ rẹ̀ ti yọ bátìrì ọkọ̀ pamọ́ fún un láàárọ̀. Nígbà tí Dúródọlá padà dé, ó bá òkè ọkọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ ọdán, adìyẹ ti wọ inú rẹ̀. Obìnrin náà dúró, ó wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí i. Wọ́n ní ayọ̀ ni.

Nígbà tí ara Ìjàpá kúrò, ohun tó kù kò ju irin pẹlẹbẹ kan lọ, bí àtẹ, tòun ti táyà àti ẹ́ńjìnnì. Irin náà nìkan kò lágbára. Ara irin tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń bá a gbé ara ró, bí wọ́n bá sì ti ṣí i kúrò, ìbàdí irin náà á máa rọ̀. Ó yẹ kí panẹbítà mọ èyí, Ògúngbèmí sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún láti máa bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá máa rí òun dáadáa bí òun bá ń ṣiṣẹ́. Ó bá yọ táyà gbogbo, ó to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ìbàdí irin náà, ó gbé e sókè. Bí irin náà ṣe sinmi lórí búlọ́ọ̀kù, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí orí tábìlì.

Orí búlọ́ọ̀kù yẹn ló ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ó to iwájú, ó to ẹ̀yìn, ó gbé òrùlé lé e. Ó wá gbé ilẹ̀kùn sí ojú rẹ̀, ó ki páálí tín-ínrín bọ etí rẹ̀ yíká kí àlàfo má baà fẹ̀ níbì kan ju ibì kan lọ. Bó bá fẹ̀ lókè, á sún àgbékọ́ ilẹ̀kùn, irin tó fi rọ̀ mọ́ òpó, wálẹ̀. Bó bá há nísàlẹ̀, á fi páálí míì kún un. Nígbà tó yọ páálí kúrò, àlàfo náà dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀, etí èékánná nìkan ló lè kọjá nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Mo ti sọ pé n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wá po gọ́ọ̀mù fáíbà, ó lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì dè é mọ́ irin. Nígbà tó gbẹ, ó le gbagidi, kò sí ohun tó tún lè tú u àfi ayùn. Lórí búlọ́ọ̀kù náà ló ti kùn ún ní ọ̀dà pupa, ibẹ̀ náà ló ti pa àkùkọ fún Ògún lórí rẹ̀. Àkùkọ náà kú fún ọkọ̀ tí kò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Ilẹ̀kùn ọ̀hún wá ń pa dé bí ẹni pa ètè pọ̀. Kẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ìlú ṣe ya débẹ̀ nìyẹn. Ògúngbèmí gbé bẹ́ǹṣì síta, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, á pè é pé kó wá ti ilẹ̀kùn. Télọ̀ fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ẹni tí wọ́n rán ní iyọ̀ gbàgbé iyọ̀. Alágbàfọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń wá, kó sáà lè gbọ́ kẹ́, kó sì mi orí. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ òyìnbó gan-an kì í pa dé báyẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní bí ọ̀run bá ní ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ kò dé ọ̀run rí, kò sì wakọ̀ rí. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó bèèrè pé kí ni búlọ́ọ̀kù ń wá lábẹ́ ọkọ̀ tó ti parí. Ìyìn dùn ún sọ, kò sì ná wọn ní nǹkan kan.

Dúródọlá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú páálí ẹyin lórí.

"Ẹ kúuṣẹ́, Bàbá Kọ́láwọlé. Ìgbà wo lẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀?"

"Ó di ọjọ́ tó bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wá ti ilẹ̀kùn wò."

"N ò tì í. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí táyà ẹ̀, kẹ́ ẹ kó àpò sìmẹ́ǹtì sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tì í kí n rí i."

"Sìmẹ́ǹtì? Oyè ni mo fẹ́ fi lọ jẹ, n ò fẹ́ fi kọ́lé."

"Bàbá Kọ́láwọlé, èmi ni mo ń wa ọkọ̀ yìí. Bí mo bá ti di ẹrù kún un, mo mọ bó ṣe máa ń wólẹ̀ láàárín. Tòun ti ara irin ẹ̀ nìyẹn o. Igbá lẹ wá gbé lé e báyìí."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ògúngbèmí rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó bá gbé ohùn sókè.

"Ẹ gbà mí o! Ẹni tó bá ń ru ẹyin, gbogbo ohun tó bá rí ló rò pé ó máa fọ́!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ọjọ́sí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Dúródọlá tún páálí ẹyin rẹ̀ ṣe lórí.

"Ó dáa," ó ní. "Èmi kọ́ ló máa jókòó sínú ẹ̀."

Ó ku ọ̀la kí wọ́n jẹ oyè, Ògúngbèmí tú àwọn èèyàn ká, ó ní òun fẹ́ sinmi. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó ń wòran mọ́, ó dá táyà padà, ó yọ búlọ́ọ̀kù, ọkọ̀ fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Kò dún kẹ́ mọ́. Ó dún gìrẹ́rẹ́, etí rẹ̀ ń ha òkè. Àlàfo tó dọ́gba lánàá ti pa dé lókè, ó sì ti yanu nísàlẹ̀. Ìbàdí irin ti rọ̀, orí òpó tó wà níwájú ilẹ̀kùn àti orí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti sún mọ́ ara wọn.

Ojú kan tó wò ó báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé e. Ìyẹn ló ń bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ká ní kò mọ̀ ni, ǹ bá ṣàánú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun fi ayùn la gọ́ọ̀mù, kóun gbé òrùlé kúrò, kóun fi irin fún ìbàdí rẹ̀ lágbára, kóun tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀kùn. Ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ láti gbé òun dé ààfin. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ti ti ilẹ̀kùn náà. Kí ló fẹ́ sọ fún alágbàfọ̀? Ó bá wọlé, ó mú ábẹ́là, ó fi ń ra etí ilẹ̀kùn, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi ábẹ́là ra àpótí aṣọ tó bá ń há. Ó fi èjìká tì í. Ó wọlé. Ó tún fi èjìká tì í láti inú. Ó ṣí.

"Ọ̀dà ló nípọn," ó sọ fún ara rẹ̀. Ọ̀dà! Ẹ wo bí àgbàlagbà ṣe ń parọ́ fún ara rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó lè gba irọ́ náà gbọ́.

Ọjọ́ oyè pé. Oòrùn mú. Olóyè Olówóòkéré wá sílé Ògúngbèmí pẹ̀lú agbádá sányán. Bàbá náà jẹ́ ẹni tó ṣe pé bó bá jókòó sórí àga, a kì í rí àga mọ́. Ó wo ọkọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó fẹ̀gbẹ́ wọlé. Bó ṣe jókòó, ọkọ̀ mí kanlẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀. Ògúngbèmí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fa ilẹ̀kùn, kò dé ojú rẹ̀. Ti Olóyè náà kò dé ojú rẹ̀.

"Ẹ bá wa tì í!" Ògúngbèmí kígbe sí àwọn èrò. "Ẹ má bẹ̀rù, ẹ tì í gidi! Iṣẹ́ mi ni!"

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gbé èjìká tì í ní tọ̀tún tòsì. Gbàà! Ó wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń dárayá lórí búlọ́ọ̀kù, òun náà ni wọ́n fi èjìká gún wọlé bí ẹni gún ìdérí àgbá, kò sì sí ẹni tó kíyè sí i pé nǹkan ti yí padà. Wọ́n tún yìn ín. Wọ́n ní bó ṣe le nìyẹn.

Ọ̀nà ààfin kún fún kòtò. Bí ọkọ̀ bá ti jìn sí ọ̀kan, fáíbà á ké láti ibì kan.

"Ògúngbèmí, ooru ń mú o," ni Olóyè Olówóòkéré wí. "Ṣí fèrèsé."

"Kì í ṣí, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ ìsáré nìyẹn. Ike líle ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ ni. Ẹ ti ọwọ́ bọ ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ ó rí atẹ́gùn."

"Ọwọ́ mi kọ́ ni ooru ń mú."

Wọ́n dé iwájú ààfin. Èrò pọ̀ lọ súà. Bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ pupa náà, ariwo sọ. Ògúngbèmí gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ kún. Akígbe ọba sì bọ́ síwájú, ó ké pé, "Ògúngbèmí, ọmọ alágbẹ̀dẹ! Kábíyèsí ń pè ọ́! Jáde wá!"

Kábíyèsí dìde dúró.

Ní Ìlóyìn, bí ọba bá dúró, kò sí ẹni tí í jókòó. Ọmọdé kò gbọdọ̀ jókòó, aláìsàn gan-an, wọ́n á gbé e dìde. Ọkùnrin gbogbo dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Nínú gbogbo pápá náà, ẹni méjì péré ló jókòó lórí àga: Ògúngbèmí àti Ọ̀tún ìlú.

Ògúngbèmí fa okùn tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn láti inú. Okùn já, ó kù sí i lọ́wọ́. Ó fi èjìká tì í, kò mì. Olóyè Olówóòkéré náà fi gbogbo ara rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ara rẹ̀ sì pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń mira ni ìbàdí ọkọ̀ túbọ̀ ń rọ̀, bí ìbàdí sì ṣe ń rọ̀ ni òpó túbọ̀ ń fún ilẹ̀kùn pọ̀.

"Ṣílẹ̀kùn!"

"Mo ń ṣí i, Bàbá."

"Kábíyèsí ti dìde! Èmi Ọ̀tún, ọba dúró, mo jókòó! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má mira. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń mira ló ń fún un."

"N ò gbọdọ̀ mira? Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ sọ mí di ọ̀tá ọba, o sì ní n ò gbọdọ̀ mira?"

Ìdààmú bá Ògúngbèmí. Ó ti ọwọ́ bọ ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó nà án síta. "Kábíyèsí o!" ló ń ké láti inú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń pariwo, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Ohun tí ìlú rí kò ju ọwọ́ kan lọ. Ọwọ́ náà ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń bá gbogbo ara tó kù dọ̀bálẹ̀.

Kábíyèsí wo ọwọ́ náà títí.

"Ta lẹni tó jókòó yẹn?"

Akígbe sáré dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sáré padà. "Ògúngbèmí ni, Kábíyèsí. Ó ní ilẹ̀kùn kò ṣí."

"Ta ló ṣe ilẹ̀kùn?"

"Òun náà ni, Kábíyèsí."

Ọba kò bínú. Ó tilẹ̀ tún dúró díẹ̀ sí i. Gbogbo ìlú ń wo ilẹ̀kùn pupa yẹn, wọ́n sì ń fọkàn bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí. Kò ṣí. Kábíyèsí bá jókòó.

Ó parí. Kò sí ariwo, kò sí èébú. Ọba jókòó, oyè lọ.

Káfíńtà ló fi ayùn la ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rí wọn yọ. Eruku fáíbà dà lé Olóyè Olówóòkéré lórí, ó sì wọ inú agbádá sányán. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan fáíbà rí mọ bó ṣe ń yún ara. Bàbá náà ń họ ara rẹ̀ lọ sí iwájú ọba láti lọ tọrọ àforíjì. Ògúngbèmí tẹ̀lé e, ó dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ọba ní kó dìde, kó máa lọ sílé, kó lọ fi omi wẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ojútì, ilé ló máa gbà lọ tààrà. Ògúngbèmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ayé ni! Àwọn tó ń jowú mi ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi! Ọmọ aráyé ni!"

Aráyé wo? Aráyé tí kò mọ àgbékọ́ ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Bí aráyé bá ń bá irú ẹni yìí jà, ohun tí wọn yóò ṣe kò ju pé kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n máa yìn ín. Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò dá sí ti aráyé, ó kọjú sí àwọn èrò.

"Ṣebí gbogbo yín lẹ wá tì í! Ṣé kò dún kẹ́? Ẹ yìn ín àbí ẹ ò yìn ín?"

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Alágbàfọ̀ ti sá. Òtítọ́ ni, wọ́n yìn ín, ojú sì ń tì wọ́n. Dúródọlá ló sún síwájú. Ó wo ìyókù ọkọ̀ tó fi ń bọ́ ilé, pẹ̀lú ihò gbàǹgbà tí ayùn dá sí i lára. Kò pariwo.

"Wọ́n yìn ín, Bàbá Kọ́láwọlé," ó ní. "Orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ti yìn ín."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíràn tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di òwe.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn dùn mí, n kò ní fi pamọ́. Ó ti fi orí ru ẹyin títí ọrùn rẹ̀ fi ń dùn ún. Ti ọkọ rẹ̀ kò dùn mí rárá. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọdán, ó ṣì mọ iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì pa òwe yìí nítòsí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin tí kò tẹ̀.

A kì í sì í yé pa á. Bí ọkọ ìyàwó bá ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́jọ́ ìdána, tí ìyá ìyàwó ń sọ pé irú ọmọ yìí kò sí mọ́, ẹnì kan lẹ́yìn á rọra wí i. Bí ẹni tó ń wá ìbò bá ń rẹ́rìn-ín sí àwọn arúgbó, tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra, à ń wí i. Bí wọ́n bá ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ń fi ọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ jù, à ń wí i. A kì í yin ilẹ̀kùn ọkọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró ná, kó ru èèyàn, kó gba inú kòtò kọjá. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá ṣí i. Bó bá ṣí, ẹ yìn ín.